Kóòdù Mẹ́ta Lójú Ọ̀nà Kpoulou

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, katapílà tí mo ti fọwọ́ sọ̀yà pé mo ti wò sàn tún dákú sí àárín ọ̀nà Kpoulou. Orúkọ mi ni wọ́n kọ́kọ́ dá. Wọn ò sì jẹ̀bi.

Iṣẹ́ mi ni wíwá àrùn inú ẹ̀rọ ńlá tí ń gbẹ́ ilẹ̀ àti èyí tí ń tẹ́ ọ̀nà. Àlòkù ni ọ̀pọ̀ wọn. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ ọdún gbọọrọ nílẹ̀ òyìnbó kí ọkọ̀ ojú omi tó já wọn sílẹ̀ ní Kútọnù. Ẹ̀rọ ìsinsìnyí ní àwọn nǹkan kéékèèké kan tí à ń pè ní kápútẹ̀, tí ń wọn ooru, òróró àti afẹ́fẹ́, tí wọ́n sì ń gba inú wáyà jíṣẹ́ fún àpótí kan tó jẹ́ ọpọlọ ẹ̀rọ. Bí ọpọlọ yìí bá gbọ́ iṣẹ́ tí kò yé e, á tan iná pupa, á sì kọ nọ́ńbà kan pamọ́. Nọ́ńbà náà ni kóòdù. Fàlíìsì mi, ẹ̀rọ kékeré kan tí mo máa ń so mọ́ ọn, ló ń ka kóòdù yìí fún mi.

Ọ̀gá mi ní Ikpinlè, Bàbá Láyíwọlá, kò fẹ́ràn fàlíìsì. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì, wọn á ti irin gígùn kan mọ́ ọn lára, wọn á fi ìdí irin náà sí etí, wọn á dijú. Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní Àjàṣẹ́, tí gbogbo gáréèjì kọ̀ mí nítorí pé obìnrin ni mí, àwọn ló gbà mí. Wọ́n ní, “Ẹ́ńjìnnì kì í bèèrè ẹni tó ń tú òun.”

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, wọ́n ń tún ọ̀nà tó ti Ikpinlè lọ sí Kpoulou ṣe. Katapílà náà ti gbẹ́ kòtò dábùú ọ̀nà, kí wọ́n lè ri páìpù ńlá síbẹ̀, kí omi òjò máa gba abẹ́ ọ̀nà kọjá. Lọ́jọ́ Ajé ni iná pupa kọ́kọ́ tàn. Mo gun alùpùpù sẹ́mì débẹ̀, mo so fàlíìsì, kóòdù kan ṣoṣo jáde: kápútẹ̀ òróró. N kò bèèrè ọ̀rọ̀ kejì. Mo yọ ọ́, mo fi tuntun tí mo rà ní Kútọnù rọ́pò rẹ̀. Iná kú. Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́, mo sì yan bí ẹyẹlé lọ sílé.

Ọjọ́bọ̀ ló dákú. Ẹ́ńjìnnì ń dún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń dún bí ẹni tí ebi ń pa. Kò lè gbé apá rẹ̀ sókè. Nígbà tí èmi àti ọ̀gá mi débẹ̀, òjò ti ṣú sí apá Tatonnonkon. Páìpù wà nílẹ̀, kòtò ya ẹnu sílẹ̀. Bí òjò bá bá a bẹ́ẹ̀, yóò gbá ọ̀nà náà lọ. Ní òdìkejì, àwọn ọkọ̀ tó kó ẹ̀gẹ́ tò sílẹ̀, wọn kò lè kọjá.

Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Sẹ̀sílì dúró létí kòtò, ó na ìka sí wa.

“Ẹ̀yin tí ẹ gé ọ̀nà, ẹ wá gbé ẹ̀gẹ́ mi kọjá! Àná ni mo wú u. Tó bá di ọ̀túnla, dúdú ni yóò dà. Ta ni mo máa tà á fún?”

Mo gun orí katapílà náà.

Mo so fàlíìsì. Kóòdù mẹ́ta jáde lẹ́ẹ̀kan náà: kápútẹ̀ òróró, kápútẹ̀ afẹ́fẹ́, kápútẹ̀ epo. Olórí ibi iṣẹ́ náà, tí gbogbo wa ń pè ní Ṣẹ́ẹ̀fù, mi orí.

“Mo ti bá àwọn ará Kútọnù sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Wọ́n ní ọpọlọ rẹ̀ ló ti kú. Láti Yúróòpù ni òmíràn yóò ti wá.”

“Ìgbà wo ni yóò dé?” ni ọ̀gá mi bèèrè.

“Oṣù kan. Bóyá méjì.”

Ọ̀gá mi mí kanlẹ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n rọra sọ pé, “Jùsítínì, palẹ̀ irinṣẹ́ rẹ mọ́.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa á mọ́ lóòótọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ń jẹ mí lọ́kàn. Bí ẹni mẹ́ta nínú ilé kan bá dùbúlẹ̀ àìsàn lọ́jọ́ kan náà, ṣé kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀ là ń yẹ̀ wò? Mo mọ̀ pé àwọn kápútẹ̀ mẹ́ta yẹn ń jẹun nínú ìkòkò kan. Wáyà kan ṣoṣo ni ọpọlọ fi ń bu iná fún wọn, fóòtì márùn-ún péré, bí a ti ń ka agbára iná.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀.”

Mo wọn iná ojú wáyà náà. Kò tó fóòtì kan. Mo tú kápútẹ̀ afẹ́fẹ́ kúrò lójú wáyà, mo tún wọ̀n ọ́n: kò yí padà. Mo tú ti epo: bákan náà. Ó wá ku ti òróró, èyí tí èmi fúnra mi fi síbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Bí mo ti tú u báyìí, iná fò sókè: fóòtì márùn-ún géérégé.

Ó ṣe mí bíi kí n dákẹ́. Mo gbójú sókè, mo sọ ọ́ ketekete kí gbogbo wọn lè gbọ́.

“Ọpọlọ kò kú. Kápútẹ̀ tuntun tí mo fi sí i ló bàjẹ́ nínú, òun ló ń gbé iná àwọn yòókù mì. Èmi ni mo ṣe é.”

Ṣẹ́ẹ̀fù ti fóònù rẹ̀ bọ àpò. Ọ̀gá mi ní tiwọn bú sẹ́rìn-ín.

“Kí ló wá ṣe ti àtijọ́ tí o yọ?”

Mo wo ẹnu wáyà tí ń wọ inú kápútẹ̀ náà. Iyọ̀ òkun tó bá a bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ti jẹ ẹ́, ó ti ṣe funfun òun àwọ̀ ewé. Kò sí ohunkóhun tó ṣe kápútẹ̀ àtijọ́ rárá; ẹnu wáyà ló dọ̀tí, títú tí mo tú u lọ́jọ́ Ajé tí mo tún kì í bọlé ló nù ún díẹ̀ tí iná pupa fi kú. Ká ní mo ti yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ náà, à bá má ti dé ibi tí a dé yìí. Mo ha á mọ́ tónítóní, mo mú ti àtijọ́ tó ṣì wà nínú àpò irinṣẹ́ mi, mo dá a padà síbi tó ti wá, mo pa àwọn kóòdù rẹ́.

“Ẹ tan án,” ni mo wí fún awakọ̀.

Katapílà náà bú ramúramù. Èéfín dúdú kan tú jáde, ó sì mọ́. Lẹ́yìn náà ni apá gígùn yẹn gbéra sókè, sókè, títí ó fi kọjá orí igi ọ̀pẹ ẹ̀bá ọ̀nà. Ariwo ayọ̀ ta láti ẹ̀gbẹ́ kòtò méjèèjì. Ìyá Sẹ̀sílì tú gèlè, ó ń jù ú sókè.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n ti ri páìpù tán, wọ́n ti bò ó, ọkọ̀ ẹ̀gẹ́ sì ti ń kọjá. Lọ́jọ́ Àìkú, bí a ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, òjò dé. A sáré lọ wò ó. Omi pupa ya wọ inú páìpù, ó jáde ní òdìkejì, ọ̀nà kò mira.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin kan wá láti Adja-Ouèrè nítorí ẹ̀rọ rẹ̀ tí iná pupa tàn nínú rẹ̀. Ó kí Bàbá Láyíwọlá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè dá a dúró, wọ́n sì nàka sí apá ibi tí mo wà.

“Ẹ má sọ ọ́ fún mi. Ọ̀gá ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀. Àwọn nìyẹn.”

Mo bojú wẹ̀yìn kí n rí ọ̀gá tí wọ́n ń sọ. Kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn mi.