Omi Tí Bàbá Mi Fi Ṣọ́ọ̀kì Yà

Ọdún tí ojú bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í di bàìbàì ni wọ́n sọ fún mi pé kí n mú wọn lọ wo omi Òwu tó ń já láti orí àpáta. A ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ọ̀sán tán ni, lọ́jọ́ ìsinmi kan, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Òmù-Àrán. Èmi ni àbígbẹ̀yìn wọn. Ìlọrin ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí oṣù bá ti ń parí báyìí, mo máa ń wa mọ́tò mi wálé láti wá kí wọn. Dókítà ojú ti sọ fún wa pé ohun funfun kan ló bo ẹyinjú wọn méjèèjì, pé iṣẹ́ abẹ ló máa yọ ọ́. Wọ́n ti dá ọjọ́ fún wa, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló sì kù.

"Kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kan ojú mi," bàbá mi wí, "mú mi lọ wo omi Òwu."

Mo rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́ wa nípa ibẹ̀ ni, Bàbá?"

Ìyá mi, tí wọ́n ń kó àwo kúrò nílẹ̀, ló dáhùn. "Omi! Omi wà nínú kànga ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tó bá fẹ́ wo omi, kó lọ yọjú sí i."

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé tíṣà ni bàbá mi. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti fi gbogbo agbára wọn ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Kò sí ọmọ tó kọjá nínú kíláàsì wọn tí kò mọ omi Òwu. Lọ́dọọdún, tí a bá dé orí ẹ̀kọ́ nípa òkè àti odò ilẹ̀ wa, wọ́n á mú ṣọ́ọ̀kì, wọ́n á fà á láti òkè pátákó dé ìsàlẹ̀, gbọọrọ, láìgbé ọwọ́ sókè. Wọ́n á ya igi ọ̀pẹ kéékèèké sí ìdí rẹ̀, wọ́n á sì ya ọkùnrin tín-ín-rín kan tó gbójú sókè tó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á rẹ ohùn wọn sílẹ̀, wọ́n á máa sọ bí omi náà ṣe ń hó, bí ìrì rẹ̀ ṣe ń bọ́ síni lára. Mo jókòó nínú kíláàsì yẹn fún odidi ọdún kan. "Sà" ni mò ń pè wọ́n níbẹ̀, tí a bá délé kí n máa pè wọ́n ní Bàbá. Lójú mi nígbà náà, àfi bíi pé àwọn gan-an ni wọ́n ni omi náà.

Sátidé tó tẹ̀lé e, a gbéra ní kùtùkùtù. Ìkúùkù ṣì bo àwọn òkè ẹ̀yìn ìlú, ó dà bí ẹni pé òkè kankan kò tíì jí. Ìyá mi kò bá wa lọ, ṣùgbọ́n wọ́n di mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ sínú kúlà fún wa. Bàbá mi dé fìlà, wọ́n wọ bàtà rọ́bà tí mo rà fún wọn, wọ́n sì jókòó síwájú mọ́tò bí ọmọ tí wọ́n ń mú lọ sí ilé ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

"Jẹ́ ká kọ́kọ́ yà ní Èsìẹ́," wọ́n ní.

Ẹ mọ àwọn ère òkúta Èsìẹ́. Ìtàn tí wọ́n sọ fún àwa ọmọdé ni pé àlejò ni wọ́n, tí wọ́n wá bẹ ìlú wò tí wọ́n sì di òkúta. Nígbà tí a wọ inú ilé tí wọ́n kó wọn sí, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ibẹ̀ bò mí bí aṣọ. Wọ́n jókòó ní ìlà-ìlà, ọkùnrin àti obìnrin, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, ilà lẹ́rẹ̀kẹ́, irun wọn sì gún régé bíi pé àná ni wọ́n dì í. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú obìnrin kan nínú wọn, imú wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ sáré sún mọ́ wa. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, a kì í fọwọ́ kàn wọ́n o."

"N kò fọwọ́ kàn án, ọmọ mi. Ojú mi ni mò ń gbé sún mọ́ ọn."

Ọ̀dọ́kùnrin náà wo ojú wọn dáadáa, ó sì yé e. Ó di bàbá mi lọ́wọ́ mú, ó mú wọn lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ láìkánjú. Bàbá mi gbé ojú sún mọ́ àwọn ère tó wà níbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Wò wọ́n," wọ́n wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Wọ́n jókòó bí ọmọ kíláàsì tí tíṣà kò tíì pe orúkọ wọn."

Bí a ṣe kúrò níbẹ̀, ọ̀nà gùn, oòrùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀. Èmi ni mo wá di ojú fún wọn. Wọ́n á nàka síta, wọ́n á béèrè, èmi náà á dáhùn. Ebè iṣu nìyẹn. Oko kaṣú nìyí. Igi irú ńlá kan ló dá dúró láàárín pápá yẹn, màlúù mẹ́ta dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.

"Kí ló funfun lọ́hùn-ún?"

"Gbágùúdá ni wọ́n sá sórí àpáta, Bàbá."

"Mo rí funfun rẹ̀," wọ́n ní, inú wọn sì dùn.

Nígbà tí a dé Ọ̀wà Kájọlà, a rí àgbẹ̀ kan tó mú àdá lọ́wọ́. Ó ní òun á sìn wá, nítorí pé koríko ti bo ojú ọ̀nà lẹ́yìn òjò. Ó wo ọ̀pá ọwọ́ bàbá mi.

"Bàbá, ṣé ẹ ti dé ibẹ̀ rí?"

Mo ti fẹ́ dáhùn fún wọn. Mo ti la ẹnu.

"Rárá," ni bàbá mi wí. "N kò dé ibẹ̀ rí láyé mi."

Mo dúró sójú kan. Àgbẹ̀ náà kò ka ọ̀rọ̀ náà sí nǹkan kan. Ó yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àdá ṣán koríko, àwa méjèèjì sì tẹ̀ lé e. Bí a ṣe ń rìn lọ, bàbá mi kọ ẹ̀yìn sí mi, wọ́n ní:

"Ọdún àkọ́kọ́ tí mo di tíṣà ni. Inú ìwé ni mo ti kà nípa omi náà. Ọmọbìnrin kan na ọwọ́ sókè, ó ní, 'Sà, ṣé ẹ ti dé ibẹ̀?' Kí n tó mọ ohun tí mò ń sọ, mo ti ní bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò lọ lẹ́yìn ìyẹn?"

"Ojú ló ń tì mí. Mo rò pé tí mo bá lọ, ẹnì kan tó mọ̀ mí á wà níbẹ̀, á rí bí mo ṣe ń la ẹnu, á sì mọ̀ pé àlejò ni mí. Ọdún kan di méjì. Nígbà tó yá, ó ti wá pọ̀ jù."

Mo rò pé màá bínú. Èmi tí mo ti fọ́nnu láìmọye ìgbà ní Ìlọrin pé bàbá mi ti wẹ̀ nínú omi Òwu! Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ẹ̀yìn ọrùn wọn tí òógùn ti rin gbingbin, tí mo rí bí ọ̀pá ṣe ń wá ilẹ̀ níwájú wọn, ìbínú náà kò wá. Mo kàn sún mọ́ wọn, mo sì di apá wọn mú.

Ohùn omi ni a kọ́kọ́ gbọ́. Ó dà bí ìgbà tí òjò ńlá ń bọ̀ láti òkèèrè tí kò sì dé. Afẹ́fẹ́ tutù lójijì. Ewé ń kán tó, tó, bẹ́ẹ̀ òjò kò rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà yà, igi là sí méjì, mo sì rí i.

Bàbá mi ti dúró. Ojú wọn ń wá a kiri.

"Sọ ohun tí o rí fún mi."

"Ó ga, Bàbá. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀run ti kan àpáta. Ó yà sí apá òsì díẹ̀, ó wá lu àpáta kan tó yọrí síta, ó fọ́n ká bí òwú tí wọ́n ń tú. Ó tún kó ara rẹ̀ jọ, ó tún já."

"Kò wá tààrà?"

"Kò wá tààrà rárá."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn, àgbẹ̀ náà sì ń wò wá bíi pé orí wa ti dàrú. "Mo sì ń yà á bí òpó iná!" ni wọ́n ń wí. "Gbogbo ọmọ yẹn! Òpó iná ni mo fi hàn wọ́n!"

A bọ́ bàtà. Mo ká ṣòkòtò wọn dé orúnkún, àgbẹ̀ náà di ọwọ́ kan mú, èmi di èkejì, a sì wọ inú omi tó wà ní ìdí àpáta. Ó tutù dé inú egungun. Bàbá mi gbé ojú sókè, wọ́n di í, ìrì omi sì ń bọ́ sí wọn lójú, ó ń ṣàn gba irùngbọ̀n wọn lọ. N kò mọ bí a ṣe dúró pẹ́ tó. Ohùn omi náà ti gba gbogbo ọ̀rọ̀ kúrò lórí mi. Ó ṣe mí bíi pé àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ìlú kankan dó. Oòrùn yọ, òṣùmàrè kékeré kan sì là nínú ìrì náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èjìká wọn. Mo pariwo sí wọn létí pé òṣùmàrè wà níbẹ̀.

"Mo rí i," wọ́n ní. N kò béèrè bóyá lóòótọ́ ni.

A jẹ mọ́ínmọ́ín lórí àpáta. Bàbá mi wá di ọmọ ilé ìwé: oṣù wo ni omi náà máa ń pọ̀ jù? Níbo ló ń gbà lọ? Ṣé ó máa ń gbẹ? Àgbẹ̀ náà jókòó ṣinṣin, ó ń fi àdá tọ́ka, ó ń ṣàlàyé. Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wá, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á lọ, pé kò sẹ́ni tó béèrè irú nǹkan báyìí rí.

Bàbá mi sùn lójú ọ̀nà títí a fi délé. Nígbà tí ìyá mi gbé omi gbígbóná fún wọn láti fi wẹ ẹsẹ̀, bàbá mi jẹ́wọ́ fún wọn pé ọjọ́ náà gan-an ni àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀. Ìyá mi kò tilẹ̀ gbé ojú sókè.

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ yín, ẹ ò fi bàtà tútù wọlé wá bá mi rí."

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ojú ọ̀tún mọ́ kedere, ti òsì kò fi bẹ́ẹ̀ dára, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi ọ̀kan ka Bíbélì, wọ́n sì ń fi í mọ ẹni tó ń bọ̀ ní títì. Láti ìgbà náà, tí mo bá ti wálé, wọn kì í jẹ́ kí n jókòó. A ti rìn ní ojú ọ̀nà oko ìhà Omupo. A ti lọ sí ìlú Bàbáńlá láìní iṣẹ́ kankan tí a fẹ́ ṣe níbẹ̀. Lóṣù tó kọjá, òkè ẹ̀yìn ìlú wa ni a gùn. Ọyẹ́ ti dé, eruku funfun bo gbogbo ilẹ̀, àwọn òrùlé páànù sì ń yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ọkọ̀ ojú omi. A rí ewúrẹ́ kan tó gun àpáta tí kò mọ bí yóò ṣe sọ̀ kalẹ̀. A jókòó, a ń wò ó, a ń jẹ ẹ̀pà, títí ó fi rí ọ̀nà tirẹ̀.