Mikró Mẹ́ta Nítorí Ohùn Màmá

Àbúrò mi Yacoub létí. Mi ò sọ pé ó ń gbọ́ràn o; ní ti ìyẹn, olóríkunkun ni láti kékeré. Etí tí mò ń wí ni èyí tó fi ń jẹun. Bí zémí bá gbé èrò kọjá lójú títì, Yacoub lè wà nínú yàrá kó sọ pé ṣéènì alùpùpù yẹn ti fẹ́ já. Ó kọ́ sitúdíò kékeré kan sẹ́yìn ilé wa ní Tchaourou, kò jìnnà sí ojú irin tí ọkọ̀ kì í gbà mọ́, ó sì fi fọ́ọ̀mù àkéte àtijọ́ bo gbogbo ara ògiri. Ibẹ̀ ló ti ń gba orin àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, tó tún ń ṣe ìpolówó oògùn eku àti ti àwọn oníkájú fún rédíò. Èmi Raoudath ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí mo bá ń bínú nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n bínú. Kì í ṣe òun nìkan ni mò ń bá wí.

Ìyá wa, Mounifatou, ọmọ Kika ni wọ́n. Wákà ni wọ́n ń kọ. Ó lé ní ogójì ọdún tí wọ́n fi kọ ọ́ níbi ìgbéyàwó, níbi ìsọmọlórúkọ àti níbi wòlímà, láti Kika títí dé Alafiarou, èmi àti obìnrin méjì mìíràn la sì ń gbè é. Bí Màmá bá gbé ohùn sókè, àwọn tó ń jẹun á dáwọ́ dúró. Mi ò purọ́. Mo rí baálé ilé kan lójú mi báyìí tó gbé òkèlè dání títí ọbẹ̀ fi ń kán sí i láṣọ. Síbẹ̀, nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò sẹ́ni tó gba ohùn náà sílẹ̀ dáadáa. Tẹlifóònù ni àwọn èèyàn ń nà sókè, ariwo abọ́ àti ẹkún ọmọ á sì bo orin mọ́lẹ̀. Yacoub fi mikró àfọwọ́mú tó wà ní sitúdíò gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan. Ohùn náà jáde bí ẹni tó ki orí bọ garawa. Ó pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀.

"Ohùn Màmá kò ní í wọ inú mikró tí mo fi ń polówó oògùn eku," ó wí. "Mo máa ra mikró gidi."

Màmá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Kó o yára o. Mo fẹ́ kí àwọn orin yẹn wà nílẹ̀ kí n tó lọ." Obìnrin tí kì í bèèrè nǹkan lọ́wọ́ ọmọ ni wọ́n. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbọ́ tí wọ́n bèèrè nìyẹn: kí orin wọn wà nílẹ̀.

Bọ̀n. Oṣù mẹ́ta gbáko ni Yacoub fi ń wo fídíò lórí tẹlifóònù, níbi tí àwọn èèyàn ti ń kọ orin kan náà sínú mikró oríṣiríṣi. Á bo àwòrán mọ́ mi lójú, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, èwo ló dùn jù?" Èmi á ní gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Á pòṣé sí mi bí ẹni pé mo jẹ́ kí ọbẹ̀ jóná. Ó ṣàlàyé fún mi pé mikró tí à ń mú lọ́wọ́, àfi kéèyàn fẹnu mọ́ ọn kó tó gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n oríṣi kan wà tó ń fẹ́ iná mànàmáná, tí awọ inú rẹ̀ fẹ́lẹ́ ju awọ àlùbọ́sà lọ. Èèyàn lè jókòó níwájú rẹ̀ jẹ́ẹ́, kó sì gbọ́ bí ètè ṣe ń là kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Ó ní irú èyí ló tọ́ sí Màmá. Ibẹ̀ yẹn, mi ò ní í bá a jà. Ó tọ́ sí wọn.

Àkọ́kọ́ dé láti Cotonou ní oṣù kejì ọdún tó kọjá. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú la máa ń gba orin sílẹ̀, nítorí pé Akínwùmí tó ni ẹ̀rọ ìlọta lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa á ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rọ rẹ̀ á sì dákẹ́. Mùsùlùmí tó ń retí ọjọ́ Àìkú bíi tiwa kò sí ní gbogbo Tchaourou. Màmá jókòó sórí àga, wọ́n kọ orin márùn-ún láìdúró. Ó dùn títí ara mi fi ṣe gìrì. Yacoub fi kásíkì bo etí méjèèjì, ó tún un gbọ́, ni ojú rẹ̀ bá rọ̀.

"Nǹkan kan ń dún," ó wí.

Ó gbé kásíkì náà fún mi. Lóòótọ́ ni. Nísàlẹ̀ ohùn Màmá, níbi tí wọ́n ti ń mí sínú kí wọ́n tó mú ìlà mìíràn, nǹkan ń dún kíríkírí, bí ìgbà tí iyọ̀ bọ́ sínú epo gbígbóná. Yacoub lọ jókòó síwájú mikró, ó fi ohùn burúkú rẹ̀ kọrin. Kò dún. Èmi náà kọ. Kò dún. Màmá tún padà síbẹ̀, ni kíríkírí bá tún dé.

Ẹ dúró ná. Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi yìí, ó ti yé ọ, àbí? Ọmọ ọlọ́dún mẹ́wàá á mọ ibi tí nǹkan ti ń dún. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ ti wọ̀ lára, tó tún fẹ́ràn ìyá rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi fọ́, kì í rò bẹ́ẹ̀. Yacoub ní ohùn tòun wà nísàlẹ̀, tèmi kéré, ti Màmá nìkan ló tóbi tó sì ń gòkè. "Ohùn Màmá ju mikró yìí lọ," ó wí. Ó fi ìgbéraga sọ ọ́, àwa náà sì gbà. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọjà, mo sọ fún gbogbo ẹni tó fẹ́ gbọ́ pé wọ́n gbé ẹ̀rọ wá láti Cotonou, kò lè gba ohùn ìyá mi. Màmá fúnra wọn fọwọ́ gbá àyà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ẹ rí i bí? Mo ti ju ẹ̀rọ lọ." Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìrọ̀rí méjì sùn. Wọ́n ní ooru ni. Ẹsẹ̀ wọn wú, a ní wọ́n jókòó pẹ́ jù níbi ìgbéyàwó kan ní Alafiarou.

Ní oṣù kẹfà, Yacoub gbé mikró náà lọ sí Cotonou fúnra rẹ̀, lọ́dọ̀ obìnrin tó tà á fún un, Olúwaṣìkẹ́mi lorúkọ rẹ̀. Ó ti gé ibi tí kíríkírí náà ti ń dún sọ́tọ̀ sórí tẹlifóònù, ó sì gbé e sí i létí. Obìnrin náà gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì.

"Kò sí nǹkan tó ṣe mikró yìí," ó wí. "Ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló gbọ́. Dákun, ìyá náà ńkọ́? Ṣé ara wọn le?"

"Tátà, ọ̀rọ̀ mikró ni mo bá wá. Mi ò bá tara ìyá mi wá."

"Mo mọ̀. Mo kàn ń bi ọ́ ni."

"Ara wọn le. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọrin láti àárọ̀ dalẹ́ ni."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀, ó sì fi òmíràn tó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ pààrọ̀ rẹ̀ fún un. Bí Yacoub ṣe délé, ẹjọ́ ló ń rò: pé oníṣòwò kan kò fẹ́ gba ọjà rẹ̀ padà, ló bá ń wá àìsàn sí ìyá oníbàárà lára. Háà! Èmi ni mo bú obìnrin yẹn jù lọ nínú ilé. Mo ní kó lọ bèèrè ara ìyá tiẹ̀. Obìnrin tí mi ò rí rí, tó fi etí àlejò gbọ́ ohun tí àwa ọmọ bíbí inú gbọ́ tí a kò gbọ́. Níbikíbi tó bá wà, kó forí jì mí.

Mikró kejì tún wá burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, ká ní burú ni ká pè é. Kíríkírí náà ti le sí i; Yacoub tún gé díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ sórí tẹlifóònù. Yacoub pààrọ̀ okùn. Ó pa fáànù. Ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ilẹ̀kùn, ó lé alángbá kúrò lájà, ó tún lọ bi Akínwùmí bóyá ẹ̀rọ rẹ̀ ní nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ilẹ̀. Akínwùmí ní bóyá orí Yacoub ló ń ṣiṣẹ́. Yacoub kò rẹ́rìn-ín. Gbogbo orin tí kíríkírí wà nínú rẹ̀ ló pa rẹ́, ti oṣù kejì, ti oṣù kẹfà, gbogbo rẹ̀ pátá. Ó ní òun kò lè fi ìdọ̀tí sílẹ̀ fún àwọn ọmọ lórúkọ Màmá. Màmá tó ń kọ orin márùn-ún láìdúró, wọ́n ń sinmi lẹ́yìn méjì báyìí, wọ́n ń fọwọ́ di àga mú.

"Màmá, ẹ lọ sinmi ohùn," Yacoub wí fún wọn. "Ẹ jẹ́ kí n wá èyí tó tọ́ sí yín. Èyí kò tọ́ sí yín."

Ó ta alùpùpù rẹ̀. Ẹsẹ̀ ló wá fi ń rìn káàkiri Tchaourou, ẹni tí gbogbo èèyàn mọ̀ lórí alùpùpù. Ní oṣù kẹwàá, ẹ̀kẹta dé nínú àpótí onígi kékeré, irú èyí tí àwọn onísitúdíò ńlá ń lò. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, a bọ́ sínú yàrá. Yacoub fi kásíkì kan bo etí mi, ó fi kejì bo tirẹ̀, ó sì tẹ ẹ̀rọ kó máa gbà á sílẹ̀. Kò tíì sí ẹnì kankan níwájú mikró. Mi ò gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mikró yẹn kò ní ariwo tirẹ̀ rárá. Yacoub di ojú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ayọ̀ rẹ̀ kún.

Màmá wọlé, wọ́n jókòó.

"Màmá, ẹ má tíì kọrin," ó wí.

Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ń wò wá, ẹnu wọn pa dé. Ni kíríkírí náà bá bẹ̀rẹ̀. Bí àyà wọn bá gòkè, á dún. Bí ó bá wálẹ̀, á dún. Wọn ò kọrin o. Wọn ò tilẹ̀ la ẹnu. Yacoub wò mí, èmi náà wò ó. Ó bọ́ kásíkì sílẹ̀, ó rìn lọ, ó kúnlẹ̀, ó sì gbé etí lé àyà ìyá rẹ̀.

"Kí ló dé?" Màmá bèèrè. "Ṣé èyí náà kò dára ni?"

"Ó dára, Màmá," ó wí. "Èyí dára gan-an."

Ọ̀sán ọjọ́ náà la gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní Parakou. Dókítà gbé ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà lé wọn lẹ́yìn, ó sún un síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó bèèrè ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Màmá ní kò pẹ́. Yacoub ní oṣù kejì. Dókítà ní báwo ló ṣe mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀. Yacoub yọ tẹlifóònù, ó gbé èyí tó gé sọ́tọ̀ ní oṣù kejì sí i létí, ó gbé ti oṣù kẹfà, ó gbé ti àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Dókítà gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó fà wá jáde síta kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní ọkàn wọn ni kò lágbára mọ́, omi ti ń wọ ẹ̀dọ̀fóró láti ọjọ́ yìí wá. Ó ní ká sọ pé a gbé wọn wá nígbà àkọ́kọ́ yẹn ni, oògùn oníhóró ni òun ì bá fún wọn, kí wọ́n máa lò ó nílé. Ó rọra sọ ọ́. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kó lu wá.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n lò níbẹ̀. Ní ọjọ́ keje, wọ́n pe Yacoub mọ́ra. Wọ́n ní, "Àwọn orin yẹn, mélòó ló wà nílẹ̀?"

"Ó pọ̀, Màmá," ó wí.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," wọ́n wí. Inú wọn dùn. Mo jáde síta, mo sunkún lẹ́bàá kànga. Kò sí orin kankan nílẹ̀. Bí wọ́n ṣe lọ nìyẹn, tí wọ́n rò pé orin wà.

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn ikú Màmá, ilé wa kún. Alùfáà wa, Alùfáà Moctar, wàásù, wọ́n sì yin Yacoub. Wọ́n ní ọmọ tó ta alùpùpù rẹ̀ nítorí ohùn ìyá rẹ̀, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n lóde òní. Àwọn èèyàn ń ṣe àmín. Ni Yacoub bá dìde.

"Alùfáà, ẹ forí jì mí, ẹ má yìn mí," ó wí. "Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń gbọ́ àìsàn ìyá mi. Ariwo ni mo pè é. Mo sì pa gbogbo orin tí ó wà nínú rẹ̀ rẹ́."

Alùfáà ní Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n, àwọn èèyàn náà ní Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Yacoub ṣì dúró, òun nìkan láàárín gbogbo wa tí a jókòó.

Ó yẹ kí n dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi náà ti fi etí ara mi gbọ́ ọ ní oṣù kejì yẹn, mo sì fi ń fọ́nnu káàkiri ọjà. Gbogbo ẹni tí mo sọ ọ́ fún ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n ń wò ó, wọn ò wò mí. Mi ò dìde. Mo gbé omi, mo ń bù ú fún àwọn àlejò.