Ilẹ̀ Dídán fún Ìyá Ọkọ Mi

Ìyá ọkọ mi ló fa ọ̀rọ̀ ilé ìdáná yẹn. Iléṣà ni wọ́n wà, àwa wà ní Bolori, ní Maiduguri. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá rí tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń rán: ẹ máa bọ̀ nílé, ìyà tó ń jẹ yín níbẹ̀ yẹn ti tó gẹ́ẹ́. Ìyà wo? Ọlọ́pàá ni ọkọ mi, èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan ní yunifásítì, iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn dọ́kàn. N kò lọ síbì kankan! Ṣùgbọ́n ọkọ mi ò lè sọ pé rárá fún ìyá rẹ̀. Ó ní kí wọ́n wá fojú ara wọn rí i. Tí wọ́n bá ní ìyà ń jẹ wá lóòótọ́, òun máa kọ̀wé kí wọ́n gbé òun padà sápá ilé.

Mo wá wo ilé ìdáná wa. Ẹ gbà mí! Ògiri ti dúdú, ilẹ̀ ti ṣí, aáyán ń rìn káàkiri bí ẹni tó sanwó ilé.

Owó ọwọ́ wa ò tó nǹkan. Ọkọ mi ní ká fi sìmẹ́ńtì tó nípọn tún ilẹ̀ ṣe, ká kun ògiri, ó parí. Mo ní, "Ta ló ń rí sìmẹ́ńtì tó ń ṣe háà?" Táìsì ni mo fẹ́, funfun báláú. Ohun tí ojú ìyá ọkọ máa rí ni kí owó lọ sí; èyí tí wọn ò ní rí, ká fún un ní ìwọ̀nba.

Mo lọ sí ọjà Post Office, mo ra síǹkì tòkunbọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ omi tó ń dán yanran. Omi ẹ̀rọ ò sí nílé wa o. Mai ruwa ló ń ti omi wá fún wa nínú kẹ́ẹ̀gì láràárọ̀. Ọkọ mi wo ẹ̀rọ náà títí, ó ní, "Omi dà?"

Mo ní, "Ṣé panápaná ni Màmá ni?"

Nígbà tó fi máa kan táìsì, owó ti ń gbẹ. Mo ní kí ẹni tó ń tẹ́ ẹ dín sìmẹ́ńtì abẹ́ rẹ̀ kù, kó jẹ́ kí yanrìn pọ̀. Yanrìn ha wọ́n ní Maiduguri bí? Ó mi orí, ó ní, "To, Hajiya," ó ṣe é bí mo ṣe wí. Nígbà tó parí, kái! Mo lè ka eyín mi nínú ilẹ̀. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ bàtà débẹ̀ mọ́.

Ìyá ọkọ mi dé pẹ̀lú iṣu ẹ̀kún àpò, àti odó. Odó! Láti Iléṣà! Awakọ̀ gbowó ìjókòó lórí ẹ̀. Wọ́n ní ọmọ àwọn ò ní jẹ póńdò inú páálí lójú àwọn. Póńdò inú páálí yẹn là ń rò látìgbà tí a ti dé ìlú yẹn. Mo tún ilé ìdáná ṣe tán, n kò rántí rárá pé Ìjẹ̀ṣà ni wá.

Wọ́n wo ilẹ̀, wọn ò ṣe háà. Wọ́n kàn ní, "Ẹ̀yin lẹ ṣe èyí? Nínú ilé onílé?" Mo fayọ̀ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n yí ẹ̀rọ omi, kò dá wọn lóhùn. Wọ́n se iṣu, wọ́n gbé odó kalẹ̀ sáàárín táìsì mi.

Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká gbé e síta, atẹ́gùn wà níbẹ̀."

"Ṣé ìta ni ilé ìdáná wà ni?"

Gbì! Gbì! Wọ́n ń gún un bí ẹni tí iṣu ṣẹ̀. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbé itọ́ mì. Mo gbọ́ ká! Táìsì kan là. Òmíràn tẹ̀lé e. Kí iyán tó kúnná, ìdí odó ti rì sínú ilẹ̀, yanrìn ọ̀fẹ́ mi ti ń tú síta.

N kò lè mú un mọ́ra mọ́, mo bú sẹ́kún. "Màmá, ó ti tán. Ẹ máa ní ìyà ń jẹ wá, ẹ ó sì kó wa lọ."

Wọ́n fi ọmọ odó sílẹ̀, wọ́n jókòó. "Ìyàwó, ta ló ní ìyà ni mo rí? Ilẹ̀ yìí dára ju ti ilé mi lọ. Bí mo ṣe wọlé tí mo rí i tó ń dán, ọkàn mi dàrú. Mo ní ẹni tó bá ń náwó báyìí sílé onílé, kò ní padà wálé mọ́. Inú ló ń bí mi tí mo fi ń gún un báyẹn."

Mo nu ojú mi. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́: "Màmá, òótọ́ ni. N kò fẹ́ lọ."

Wọ́n bu iyán sáwo, wọ́n gbé e fún mi kí wọ́n tó bu ti ọmọ wọn.

"Jẹun," ni wọ́n wí. "Odó yìí ò ní bá mi padà mọ́. Èmi ni màá máa wá bá a."