Ìdí Tí Láìnì Èkó Fi Ń Kọ̀

Lọ́jọ́ tí wọ́n lé Àǹtí Sìdí níṣẹ́, iwájú gbogbo wa ni ọ̀gá ti pè é ní olè. Ilé iṣẹ́ tẹlifóònù kan ní Abẹ́òkúta ni, láyé àwọn alágbádá, kí àwọn sójà tó padà gbàjọba. Àǹtí Sìdí ló ń fún àwọn èèyàn ní láìnì, èmi ló ń tún ẹ̀rọ ṣe. Bí ẹnìkan bá fẹ́ bá Èkó sọ̀rọ̀, òun ni yóò ki okùn bọ ihò kan lára pátákó iwájú rẹ̀, ẹ̀rọ inú yàrá mi yóò sì wá láìnì tó ṣófo fún un. Òun náà ló kọ́ mi, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, pé kí n máa fi etí wá àléébù ẹ̀rọ kí n tó fọwọ́ kàn án.

Lọ́dún yẹn, láìnì Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Á gba ìpè kan, á kọ èyí tó tẹ̀ lé e, á tún gba òmíràn. Alhaja kan tó ń ta àdìrẹ n'Ítòkú káwọ́ lérí níwájú pátákó.

"Ṣé ẹ ti ta Èkó ni?"

A rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín fi di ẹ̀sùn. Wọ́n ní Àǹtí Sìdí ń fi láìnì pa mọ́ fún àwọn tó ń fún un ní ẹ̀gúnjẹ. Bí mo bá sì yẹ ẹ̀rọ wò, á máa ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọ̀gá ní bí kì í bá ṣe ẹ̀rọ, èèyàn ni.

Wọ́n lé Àǹtí Sìdí lọ tán, láìnì ṣì ń kọ̀. Mo wá fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, mo ní kí obìnrin tó gba ipò rẹ̀ máa pe Èkó léraléra. Bí ìpè bá parí, irin kékeré kan gbọ́dọ̀ padà sẹ́yìn, kó dún "tá". Níbì kan, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Irin náà há, ẹ̀rọ sì rò pé ẹnìkan ṣì wà lórí láìnì yẹn. Ìpè tó bá bọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀ nìkan ló ń kọ̀. Bí mo bá sì ti fọwọ́ kan ibẹ̀, irin á tú fúnra rẹ̀, bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan rí.

Mo tú u palẹ̀. Eruku pákó ló kún ẹnu rẹ̀. Ọ̀gá ló ti kó káfíńtà wọ yàrá ẹ̀rọ ṣáájú, wọ́n rẹ́ pákó níbẹ̀, wọ́n fi pín yàrá náà kí ọ́fíìsì rẹ̀ lè fẹ̀ sí i.

Mo gbé eruku náà lọ bá a. Ó wò ó.

"Nu ẹ̀rọ rẹ, kí o dákẹ́."

"Àǹtí Sìdí ńkọ́, sà?"

"Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ti parí."

Mo lọ sílé Àǹtí Sìdí lẹ́bàá Kútọ̀, mo ròyìn fún un. Kò yọ̀.

"Níwájú gbogbo ayé ni wọ́n ti pè mí lólè. Ìwọ wá ń sọ fún èmi pé mi ò jalè. Ṣé mi ò mọ̀ ni?"

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, nígbà tí àwọn oníbàárà kún gbọ̀ngàn, mo dìde, mo sọ gbogbo rẹ̀ pátá lójú ọ̀gá. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé mi lọ máa ṣiṣẹ́ ní Ọdẹ́dá, níbi tí tẹlifóònù kan ṣoṣo wà. Lọ́jọ́ kan ó dún. Àǹtí Sìdí ni.

"Wọ́n ní o sọ ọ́."

"Mo sọ ọ́, mà."

"Ṣé wọ́n fẹ́ dá mi padà?"

"Rárá, mà. Wọ́n ti fún ọ̀gá ní ìgbéga."

Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

"O kú iṣẹ́, ọmọ mi," ló wí, ó sì gbé e sílẹ̀.