Ẹ̀fọ́rí Ọkọ Mi Tí Obìnrin Mìíràn Kọ́kọ́ Gbọ́

Ẹ̀wà ni mo ń ṣà nínú atẹ lẹ́yìn ilé wa ní Inísà, ọmọ mi ń rá kiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, nígbà tí ìyá oníbúrẹ́dì àdúgbò wa ti Òkukù dé. Ó gbé igbá rẹ̀ kalẹ̀, ó ní: "Ìyàwó, ṣé ara baálé ẹ ti yá? Mo rí i láàárọ̀ ní kẹ́mísì nọ́ọ̀sì ẹ̀gbẹ́ gáréèjì. Ó gbórí lé tábìlì, nọ́ọ̀sì ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní ìpàkọ́. Ẹ̀fọ́rí ni wọ́n ní, pé ojú oorun ló ti máa ń kọlù ú." Mo ní ara rẹ̀ ti yá. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó lọ tán ni mo wo ọwọ́ mi, àṣé ẹ̀wà ni mo ń jù nù, òkúta ni mo ń dà sínú ìkòkò.

Mo mọ nọ́ọ̀sì náà. Òun ni ọkọ mi ì bá fẹ́ kó tó rí mi. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni ọkọ mi, Ìkìrun sí Òkukù ló ń ná, àwọn òbí nọ́ọ̀sì sì ní àwọn kò lè fi ọmọ tó kàwé fún awakọ̀. Èmi, ìwé mẹ́wàá ni mo kà, mo gba awakọ̀ náà tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, aṣọ funfun obìnrin yẹn kò kúrò lójú mi. Bí ọkọ mi bá pẹ́ ní Òkukù, inú mi a máa ho bí ọṣẹ.

Síbẹ̀, lọ́jọ́ náà, ọwọ́ tó fi kan ìpàkọ́ rẹ̀ kọ́ ló dùn mí jù. Pé ọkọ mi ti sọ fún un ni. Abẹ́ òrùlé kan náà la wà, èmi ni mò ń gbé oúnjẹ fún un láràárọ̀, n kò gbọ́ pé orí ń fọ́ ẹnikẹ́ni. Ó gbé ẹ̀fọ́rí rẹ̀ kọjá níwájú mi, ó gbé e lọ fún ẹlòmíràn.

Mo wẹ̀. Mo wọ aṣọ tí mo fi kó ọmọ jáde, mo kun àtíkè, mo kun ètè. Ìyá ọkọ mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa láti ìgbà tí mo ti bímọ, ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà. "Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì wà lónìí ni?" Mo ní, "Rárá, mà. Oògùn ni mo fẹ́ lọ rà." Mo pọn ọmọ, mo wọ bọ́ọ̀sì Òkukù. Títí a fi dé ibẹ̀, èébú ni mò ń tò jọ bí ẹni ń to igi ìdáná.

Nọ́ọ̀sì rí mi, ó dìde. "Ìyàwó wa, káàbọ̀." Ìyàwó wa!

"Èmi kì í ṣe ìyàwó yín, mà. Ìyàwó ẹni tó gbórí lé tábìlì yín ni mí." Ẹ wò ó, mo wá jà, mi ò sì gbàgbé "mà".

Ó gbé àga fún mi. "Ìwọ gan-an ni mo ń wá. Mo ti ní kó mú ọ wá títí, kò dáhùn. Jọ̀ọ́, ṣé ó máa ń hanrun? Tó bá ń hanrun lọ, ṣé èémí rẹ̀ máa ń dúró, kó tó wá mí kanlẹ̀ bí ẹni tó yọrí lódò?"

Mo ń tún ọ̀já ọmọ so. Ní ilé tiwa, abiyamọ kì í tètè padà sí yàrá ọkọ. Èmi, ìyá ọkọ mi àti ọmọ la jọ ń sùn; bàbá ọmọ wà ní yàrá tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì wò mí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Àbí ẹ kì í sùn pọ̀ ni?"

Ìbéèrè tí mi ò fẹ́ kí obìnrin kankan bi mí, òun gan-an ló bi mí. Owú ní kí n purọ́: sọ fún un pé apá ọkọ rẹ lo ń gbórí lé lójoojúmọ́, sọ pé kì í hanrun rárá. Irọ́ náà ti dé ètè mi tí mo kùn. Ló bá ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi ti ga, pé ẹ̀fọ́rí burúkú tó ń dédé jí èèyàn lójú oorun kì í ṣe ti kẹ́mísì mọ́, pé ó ti jẹ́wọ́ fún òun pé oorun ń gbé òun lọ nídìí ọkọ̀ lọ́sàn-án. "Ohun tí mo bi ọ́ yìí ni dókítà máa bi yín. Ẹni tó sùn ò lè gbọ́ èémí ara ẹ̀."

Nídìí ọkọ̀! Pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ lẹ́yìn rẹ̀! Mo gbé irọ́ náà mì. "Yàrá ọ̀tọ̀ la wà, mà. Mi ò mọ̀."

"Lọ sùn tì í lálẹ́ òní. Má sì jẹ́ kó wakọ̀ títí ẹ ó fi rí dókítà."

Orí tèmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Obìnrin tí mo wá bú ló ń rán mi padà sí yàrá ọkọ mi.

Nígbà tí mo gbé ìrọ̀rí mi nírọ̀lẹ́, ìyá ọkọ mi pàtẹ́wọ́. "Ọmọ tí kò tíì rìn! Ṣé o fẹ́ lóyún lé e lọ́mú ni?"

"Etí mi ni mo fẹ́ lọ lò, mà." Mo sọ gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì wí. Ìyá jókòó. Ó ní ọmọ òun ti ráhùn sí òun, òun lòun ní kó má sọ fún mi, nítorí bí ọkàn abiyamọ bá dàrú, ọmú rẹ̀ a gbẹ. "Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Mo rò pé tá a bá mú sùúrù, á lọ ni."

Lóru ọjọ́ náà, mo gbọ́ ọkọ mi lóòótọ́. Ó ń hanrun bí ẹ̀rọ ọlọ, lójijì gbogbo rẹ̀ á dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, n kò jowú ẹnikẹ́ni. Kó ṣáà mí. Ó wá mí kanlẹ̀, ó dìde jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ní ọsibítù Ìkìrun lọ́jọ́ kejì, èmi ni mo dá dókítà lóhùn. Wọ́n kọ oògùn ìfúnpá, wọ́n ní kó máa sùn ní ẹ̀gbẹ́, kó dín ara kù, wọ́n sì tún rán wa lọ sí Òṣogbo fún àyẹ̀wò.

Dókítà ti ní kó padà sídìí ọkọ̀ báyìí. Orí náà kò fọ́ ọ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bó bá sì fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, ìgbọ̀nwọ́ ni mo fi ń yí i padà. Ṣé owú ti tán? Kò tán. Bí nọ́ọ̀sì bá pè lórí fóònù láti béèrè bó ti lo oògùn, iwájú mi ni ọkọ mi ti ń gbé e, síbẹ̀ ọṣẹ yẹn ṣì ń ho.

Nígbà tí obìnrin náà yà kí wa láìpẹ́ yìí, ọmọ mi, tó ti ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi, bi mí lẹ́yìn tó lọ pé ta ni. Mo fà á mọ́ra. "Òun ló ní kí n máa gbọ́ bí dádì ẹ ṣe ń mí. Ibi tó o bá ti rí i, kúnlẹ̀ kí i dáadáa. Àǹtí ni kó o máa pè é o. Tó bá ní kó o pe òun ní Mọ́mì Òkukù, ṣe bí ẹni tí kò gbọ́."