Bàbá Tó Fẹ̀yìn Gbé Odi Snow Dúró

Ẹ má pè mí ní òpùrọ́. Mi ò mutí lọ́jọ́ náà, mi ò sì tòògbé. Ọ̀sán gangan ni, nílé wa ní Falconridge, nílùú Calgary, ní Kánádà.

Mofẹ́, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. "Daddy, let's build a castle!"

"Castle kẹ̀? Odi là ń pè é nílé wa."

Mo sọ fún un bí àwọn ará Ìjẹ̀bú àtijọ́ ṣe gbẹ́ ilẹ̀ yí ìlú ká, tí wọ́n fi erùpẹ̀ ibẹ̀ mọ odi kí ọ̀tá má baà wọlé. Làwa náà bá ń gbẹ́ kòtò sínú snow, a sì ń fi èyí tá a gbẹ́ mọ odi. Odi wa ga dé àyà mi, mo sì ń yangàn bí ọba.

Nígbà tó yá, a wọlé. Mo sọ̀kalẹ̀ sí basement lọ bá iṣẹ́ mi lórí kọ̀ǹpútà.

Ẹnìkan bá sọ̀rọ̀ sí mi létí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ọmọ ẹ wà nínú yàrá."

Mo yíjú. Kò sẹ́nìkan. Èmi àti ọmọ tó ń fi Òyìnbó dá mi lóhùn nìkan la wà nílé, ta wá ló ń sọ Yorùbá?

Mo sáré lọ sí yàrá Mofẹ́. Ibùsùn ṣófo. Jákẹ́ẹ̀tì ẹ̀ náà ò sí ńlẹ̀.

Ohùn náà tún sọ ọ́, bí àgbàlagbà tó ru ẹrù wúwo. Ẹ gbà mí gbọ́, téèyàn bá ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kì í yàtọ̀ síra. Yàrá ni mo gbọ́. Yàrà ló ń wí, kòtò tí wọ́n ń gbẹ́ sídìí odi!

Mo já síta láìwọ bàtà. Odi ti wó, kòtò ti dí. Mo ń fi ọwọ́ lásán wa snow, mo ń ké pe Ọlọ́run.

Mo bá a nísàlẹ̀, ó ká jọ sínú àyè kékeré kan. Snow ò kan ojú ẹ̀ rárá.

"Daddy, is the grandpa okay? He was holding it up with his back. He had red mud all over."

Erùpẹ̀ pupa, ní Calgary, nígbà tí ilẹ̀ le bí òkúta? Kò sí bàbá kankan níbẹ̀.

Ìyá ẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, yẹ ara ẹ̀ wò nígbà tó dé. Kò fara pa. A kúnlẹ̀, a sunkún, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run àti lọ́wọ́ bàbá tá ò mọ̀. Títí dòní, mo ṣì ń dúpẹ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kọ́mọ wọ ihò snow. Bí ẹni tẹ́ ẹ ò rí bá sì bá yín sọ̀rọ̀, ẹ kọ́kọ́ sáré, kẹ́ ẹ tó bèèrè orúkọ.

Èmi ti bèèrè títí. Kò tíì dáhùn.