Omi Tó Wọ Àdúgbò Wa Lórí Bébà

Nígbà tí kọmpáílà tuntun dé ọ́fíìsì wa ní Kàdúná, èmi ni ọ̀gá ní kí n dán an wò. Kọmpáílà ló máa ń túmọ̀ ìṣirò tí a bá kọ sí èyí tí kọ̀ǹpútà gbọ́. Ti odò Kàdúná ni ìṣirò tiwa: bí òjò bá rọ̀ báyìí, ibo ni omi máa kún dé? Kọmpáílà àtijọ́ a máa ṣe é láti àárọ̀ títí a ó fi jẹun ọ̀sán tán. Ọ̀gá sì ti lọ sọ fún àwọn àgbà ilé iṣẹ́ pé tuntun yìí á yá jù ú lọ dáadáa.

Ó yá lóòótọ́. Tíì mi ò tíì tutù tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.

"Madalla!" ni ọ̀gá fi èdè Haúsá yìn ín. "Madam, gbé e wá kí n máa mú un lọ."

Mo ní kó jẹ́ kí n fi èsì rẹ̀ wé èyí tí ti àtijọ́ ti ṣe tẹ́lẹ̀ ná. Ti àtijọ́ ní omi ò ní kọjá etí odò. Tuntun ní á wọ ìsàlẹ̀ Tudun Wada, níbi tí èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa háyà ilé sí. Òjò kan náà, ìṣirò kan náà! Ewo ni kí n gbà gbọ́?

Ojú ọ̀run ti ṣú nígbà tí mo délé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó gaàrí àti ìwé àwọn ọmọ sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

"Ṣé a ń kó lọ ni?" ọkọ mi bi mí.

"Ẹ jẹ́ kí n kó o sókè ná. Ẹ̀rọ ní omi lè dé ibí."

Ó fi mí rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, mo rí i tó ń yọjú wo gọ́tà.

Lọ́jọ́ kejì, mo mú pẹ́ńsùlù, mo fi ọwọ́ ara mi ṣe díẹ̀ nínú ìṣirò náà. Mo ń kọ, mo ń pa á rẹ́. Ọ̀gá wọlé, ó jáde, ó tún wọlé. "Àwọn àgbà ti ń bi mí o." Nígbà tó yá, ohun tí mo rí bá ti àtijọ́ mu. Àbùjá tí tuntun ń gbà kó lè yá ló ń ba ìṣirò náà jẹ́. Mo wá pàṣẹ fún un pé kó má ṣe gba àbùjá mọ́, kó tẹ̀ lé ìṣirò bí a ṣe kọ ọ́ gan-an. Èsì rẹ̀ tọ̀nà, ṣùgbọ́n ó pẹ́ tó ti àtijọ́ kó tó parí. Kò yá mọ́.

Mo kó bébà èsì méjèèjì lọ bá ọ̀gá, mo sọ fún un. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó tẹjú mọ́ bébà náà.

"Mo ti sọ fún wọn pé ó yá."

"Ránkádédé, bó bá yá, irọ́ ló ń pa."

Ó kó bébà méjèèjì, ó jáde. Inú mi ò balẹ̀ títí ó fi padà dé.

"Mo ní kò ṣe é gbára lé," ló wí. "Wọ́n fi mí ṣẹ̀sín."

Kò bá mi wí. Ó kàn ní kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ pẹ̀lú ti àtijọ́. Odò kún lọ́dún náà, kò wọ àdúgbò wa, ṣùgbọ́n èmi ò sùn dáadáa títí òjò fi dá.